Mo Fi Mẹ́ta Pààrọ̀ Mẹ́rin

Fídíò kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Erijiyan ní nínú fóònù rẹ̀, tí yèyé wa tó ti kú ti ń kọrin, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò gbà á. Mo fọ́nnu pé èmi ni mo kọ́ òyìnbó ní kọ̀ǹpútà, mo ní n óò yí i padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì náà bi mí: ṣé MP3 ni tàbí MP4? Kò yé mi. Mo ní ọmọ ìjọ ṣáà ni wá, Mẹ́talọ́kan ni Ọlọ́run wa, mo bá tẹ mẹ́ta. Mo sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí àyè lè wà nínú fóònù rẹ̀.

Nígbà tí a gbé e sí tẹlifíṣọ̀n, ohùn yèyé ń dún, àwòrán kò sí. Àṣé ohùn nìkan ni MP3 ń gbé, MP4 ló ń gbé àwòrán.

"Àbúrò mi, ojú yèyé dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tẹlifíṣọ̀n yín ló fẹ̀ jù. Ojú ń ti ará ọ̀run láti yọjú níbẹ̀."

Mo rò pé yóò pè mí ní òpùrọ́. Ó kàn sún mọ́ gíláàsì dúdú náà, ó gbọ́wọ́ lé e, ó ní, "Ẹ má tijú, yèyé. A ń gbọ́ yín."

Irọ́ tí mo ti pa láyé kò lóǹkà, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ iyán tó gún fún mi lọ́jọ́ náà.