Iṣu Ìṣákọ́lẹ̀ Wọ Bàrígà

Iṣu ni mo kọ́kọ́ dì mọ́ ọ̀kadà kí èmi tó gùn ún. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní abúlé wa lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ojú mi ti là kedere, nítorí iṣu yìí kì í ṣe iṣu títà. Ìṣákọ́lẹ̀ ni, ohun tí àgbẹ̀ máa ń gbé fún onílẹ̀ lọ́dọọdún láti fi sọ pé, "Ilẹ̀ yín ni, àwa la ń lò ó." Bàbá mi gbé e títí ó fi kú. Bàbá onílẹ̀ náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àǹtí Múyìbátù, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Igbóbì l'Ékòó, ló jogún ilẹ̀, a sì ti gbọ́ pé àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì ń wá a kiri. Bí kò bá gba iṣu lọ́wọ́ mi, oko tó tọ́ mi dàgbà bọ́ nìyẹn.

Ní gáréèjì Abẹ́òkúta, awakọ̀ wo àpò mi. Ó ní, "Màmá, àpò yìí máa sanwó ìjókòó o."

Mo ní, "Ṣé iṣu á jókòó ni?"

"Á jókòó, ibi tẹ́ ẹ bá sì bọ́ sí ló máa bọ́ sí."

Mo sanwó. Inú mi tilẹ̀ dùn pé iṣu oko mi wọ Èkó lórí ìjókòó tirẹ̀.

Láti Òṣòdì mo wọ ọkọ̀ dé Bàrígà, mo tún gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Màrúwà. Ó gba etí ọ̀sà ní àdúgbò Ìlàjẹ. Mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń da iyanrìn sómi, mo bi onímàrúwà léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, Màmá. Ilé tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, omi ni tẹ́lẹ̀."

Mo pariwo. Nílé wa, igbó là ń ṣán kí á tó rí ilẹ̀. Níbí, wọ́n ń fọwọ́ ṣe é.

Yàrá méjì ni Àǹtí ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, torí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń bọ́ mi.

"Ẹ dìde, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Gbogbo wàhálà yìí nítorí iṣu? Mi ò gbà á mọ́ láéláé. Ẹ máa dáko yín lọ, fíríì ni."

Ẹlòmíràn á dúpẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò dìde. "Àǹtí, ẹ ti lé mi nìyẹn."

"Èmi kẹ̀? Mi ò lé yín o!"

"Ilé yìí, tiyín ni?"

"Rárá o, mò ń rẹ́ǹtì ni."

"Bí lánlọ́ọ̀dù yín bá lóun ò gba owó ilé lọ́wọ́ yín mọ́, ṣé ẹ ó sùn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Màá ti máa kó ẹrù mi ni."

"Iṣu yìí ni ẹ̀rí mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ẹni tó mọ̀ mí sórí ilẹ̀ yẹn, ẹnu tó jẹ iṣu ló máa dáhùn."

Ó pe àwọn alájọgbé rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gba iṣu. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, Mọ́mì yìí ló ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá mi. Mi ò ní tà á mọ́ wọn nídìí. Lọ́yà máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú." Mo ní kí lọ́yà kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí á jẹ iṣu ná. A sè é, a fi epo pupa jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ń béèrè ibi tí irú iṣu bẹ́ẹ̀ ti wá. Orí mi wú. Mo ní, "Oko mi ni!"

Àǹtí ra ẹja yíyan fún mi ní Ìlàjẹ, torí bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí bàbá mi padà lọ́wọ́ òfo.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Àbúrò mi sáré pàdé mi: "Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ níṣojú mi."

Mo pín ẹja náà láti ilé dé ilé, kí ẹnu tó jẹ́rìí lè pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ọ̀fẹ́ kò ní ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọkọ́ lọ sóko, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè tuntun. Ebè àkọ́kọ́, ti Àǹtí ni.