Ìgbálẹ̀ Ìyá Ìjọ Létí Òkun

Bí mo bá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láàárọ̀, ìyá ìjọ wa ní Ìsìkàn ni mo máa ń rántí. Kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi tó bá gbá iwájú ilé rẹ̀ tán. Á ní, “Ta ló ń kí èèyàn lórí ìdọ̀tí?”

Nígbà tí ìjọ wa lọ pàgọ́ sétí òkun, lẹ́bàá odi àtijọ́ kan, ìyá gbé ìgbálẹ̀ dání. Bí ó ti ń gbá yanrìn iwájú àgọ́ rẹ̀ ni atẹ́gùn ń dá a padà. Òun ló sì máa gbàdúrà sí oúnjẹ. Àkàrà wa ti tutù.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ odi náà wá bẹ̀ ẹ́: “Mọ́mì, láti ìgbà tí wọ́n ti mọ odi yìí, kò sẹ́ni tó gbá etíkun yìí rí.”

“Ó hàn,” ni ìyá wí, ó sì na ìgbálẹ̀ sí i.