Kòráà Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Mi

Bí wọ́n bá ti tú ìdì aṣọ tuntun níwájú mi, òórùn rẹ̀ a gbé mi padà sí pálọ̀ wa ní Àgbówó, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Kòráà kan, ọmọ Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, wá bá bàbá mi.

Òun àti òórùn ìsọ̀ rẹ̀ ló jọ wọlé. Ó gbé rédíò mọ́ àyà.

"Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ogun ti dé àdúgbò màmá mi ní Bèírúùtù."

Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Lárúbáwá inú ilé nìkan ló gbọ́. Ti oníròyìn kò yé e.

Bàbá mi, tí wọ́n kọ́ Lárúbáwá nílé kéwú ní Ìsẹ́yìn, tẹ́tí sí rédíò tó ń han. Bó ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Yorùbá, wọn ò tiẹ̀ kólòlò. Níkẹyìn wọ́n ní, "Wọ́n ti gbà láti dáwọ́ ìbọn dúró."

Kòráà bú sẹ́kún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì wa. Orí mi wú débi pé mo sáré jáde lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ mi: "Ẹ wá wo òyìnbó tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi!"

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbọn náà tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ bàbá mi ti fura, torí bí wọ́n ṣe ń fa Kòráà dìde ni wọ́n sọ pé, "Fi rédíò yẹn sílẹ̀ níbí. Máa bọ̀ lójoojúmọ́, a ó jọ máa gbọ́ ọ."