Ìgbà Tí Ọkọ̀ Ìjàpá Mi Wọ Bàtà Bọ́ọ̀sì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí táyà mẹ́rin fi ojú mi rí ní Okókomáíkò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni o! Ibi tí mo bá ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ̀yin náà á mọ̀.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Mo ní ọkọ̀ ìjàpá kan nígbà náà, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn. Ó ti dàgbà kí n tó rà á. Ó sì lọ sílẹ̀ débi pé adìyẹ tó bá dúró lẹ́bàá títì á máa wo ojú mi tààrà, á tún fẹ́ kí n kí òun kí n tó kọjá!

Ìyàwó mi, Ìyá Rónkẹ́, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Ìbà ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, wọn kì í wọ bàtà mọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi kún ojú ọ̀nà Ìbà. Mo ní kí n rọra gbà á kọjá. Àárín omi gan-an ni ọkọ̀ kú sí! Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọ̀pọ̀lọ́ kan bá omi wọlé, ó gun àga ẹ̀yìn, ó jókòó bí ọ̀gá tí dírẹ́bà ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun, omi dé e lórúnkún, aṣọ di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Gbogbo ìjọ ló rí i bó ṣe wọlé.

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù! Nígbà tó délé, ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Bàbá Rónkẹ́, ẹ ṣeun. Ẹsẹ̀ mi kò ní wọ ọkọ̀ yín mọ́ láyé."

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀yìn píkọ̀ọ̀pù ìjọ ló ń gùn, láàárín àwọn bẹ́ǹṣì. Èmi á dúró lẹ́nu géètì, òun á kọjá, á juwọ́ sí mi bí ẹni ń juwọ́ sí lánlọ́ọ̀dù. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dun ọkùnrin tó, kí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo nínú ọkọ̀? Àpò gàrí ni mo ń gbé síbẹ̀, kó má baà dà bíi pé mo dá wà.

Ni mo bá lọ bá Làmídì onítáyà, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì. Mo ní mo fẹ́ kí ọkọ̀ mi ga, kí omi máa gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ronú. Ó ní wọ́n ti tú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan palẹ̀ nítòsí, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ìjàpá, ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe wọ́n, ihò nọ́ọ̀tì wọn bára mu. Ríìmù àti táyà àlòkù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fẹ̀, wọ́n sì ga ju tèmi lọ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n," Làmídì ní, "táyà yìí á gbé yín ga o. Àmọ́ páànù tó bo táyà iwájú lápá òsì, èyí tí ẹ fi gbá òpó lọ́jọ́sí, ó ti wọnú. Ẹ jẹ́ ká yí sítíárín wò ná."

Mo ní, "Dè é, jàre! Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ní mọ́tò wíwà?"

Ó dè é. Háà! Ẹ̀yin èèyàn, ọkọ̀ ga! Mo jókòó, mo ń wo òkè òrùlé àwọn ará àdúgbò. Mo rí bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ti ń wá láti ọdún tó kọjá! Díẹ̀ ló kù kí àwọn sójà tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ kọ sàlúùtù sí mi.

Mo wà á dé iwájú ilé, mo fọn fèrè. Ìyá Rónkẹ́ jáde, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní ṣé ara ọkọ̀ náà kò yá ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú báyìí? Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọjọ́ Ìsinmi kan péré, bí ẹrẹ̀ bá kàn án, kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o, Bàbá Rónkẹ́."

Ọjọ́ náà pé. Mo gbé àpótí ìdáná sílẹ̀ kó lè fi gun ọkọ̀. A jáde sí títì márosẹ̀, a yà sọ́tùn-ún, a kọrí sí Ìyànà Ìbà. Ó ń lọ geere. A dé oríta, mo ní kí n yà sósì wọ ọ̀nà Ìbà. Gìrììì! Táyà gbá páànù, sítíárín ò lọ mọ́. Mo tún fà á. Táyà ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ọkọ̀ mi ò lè yà sósì!

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún obìnrin tó fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ta mí lọ́rẹ pé mo tún ti ba nǹkan jẹ́? Láéláé! Píráímárì Fáìfù péré ni mo kà, àmọ́ lójú ẹsẹ̀ ni ọpọlọ mi ṣí. Ẹni tó bá yà sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣebí ọ̀nà òsì náà ló máa padà kọjú sí? Mo kọjá oríta, mo yà sọ́tùn-ún wọ àdúgbò apá Ọ̀jọ́, mo tún yà sọ́tùn-ún, mo tún yà sọ́tùn-ún. Bí mo ṣe padà já sí oríta nìyẹn, tí mo la títì kọjá gbọọrọ sí ọ̀nà Ìbà.

"Níbo là ń lọ?" ló ti bi mí kí a tó jáde nínú àdúgbò náà.

"Mo fẹ́ kí o gba atẹ́gùn ni," mo ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọ ṣeré jáde."

Ẹnu mi yìí! Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlú hàn án. Mo ní igi àgbọn tó wà lọ́hùn-ún, tó ga ju òpó iná lọ, èmi ni mo gbìn ín. Ó ń wo ìta, àmọ́ mo rí i tó rẹ́rìn-ín músẹ́. A la omi Ìbà kọjá, ẹ̀kán kan ò wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ kí n tó wẹ̀ tán! Lọ́sẹ̀ kẹta, ó di ẹ̀pà sínú pépà dání, ó ń bó o, ó ń fi sí mi lẹ́nu bí mo ṣe ń wakọ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká gba ọ̀nà Navy Town. Mo ń yà sọ́tùn-ún títí ọrùn mi fi fẹ́ẹ̀ dúró síbẹ̀!

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ Làmídì, ó bá mi pe ẹni tó ń na páànù ọkọ̀. Ìyẹn gé etí páànù, ó nà á jáde. Ọkọ̀ yà sósì wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo yà sósì ní oríta bí ọmọlúàbí. Ká tó ṣẹ́jú, a ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi ń dùn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀pà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò tíì bó ẹyọ kan.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ṣẹ̀ mí báwo?"

"Ẹ ò fẹ́ máa bá mi ṣeré jáde mọ́. Bó bá ti sú yín, ẹ sọ. Píkọ̀ọ̀pù wà."

Mo jẹ́wọ́! Táyà o, páànù o, ọ̀tún mẹ́ta o, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó tẹjú mọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi ká tó fẹ́ra pé ejò bù yín jẹ, ejò ló kú! Ẹ tún wá ní ọkọ̀ yín kì í yà sósì. Ẹ jọ̀ọ́!"

Mo búra. Mo fi ibi tí wọ́n gé hàn án. Ó ní ṣebí ibi tí mo fi gbá òpó nìyẹn. Ó ní ojú ló ń tì mí, pé ọkùnrin kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń kẹ́ ìyàwó òun. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò ní sọ fẹ́nì kan.

Ẹ ò rí ayé? Ọjọ́ kan tí mo sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó gbà á!

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a dé oríta Ìyànà Ìbà. Ọ̀nà òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Rónkẹ́ ń wo iwájú, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo òsì. Mo wo òun náà. Mo kọjá oríta, mo yà sọ́tùn-ún.

Mo gbọ́ tí èèpo ẹ̀pà àkọ́kọ́ fọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń de táyà ńlá àlòkù mọ́ ọkọ̀ àgbà, ẹ yí sítíárín débi tó máa dé, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ tó kúrò níwájú onítáyà. Bó bá kìlọ̀, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ ní ti ilé yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó jókòó tì yín bóyá òun ń kánjú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ọkọ̀ rẹ̀ ti kọ ọ̀nà kan fún rí? Kí lẹ sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ yín? Ẹ kọ tiyín ká gbọ́. Ìyá Rónkẹ́ ní kí n kí yín. Ó ní irọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí.