Iṣẹ́jú Méjì Níwájú Ọjà Ẹrú

Ọjọ́ Ẹtì Rere tó kọjá yìí, mò ń se fìrẹ́jọ̀n nínú kíṣìnì mi ní Thamesmead, nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí: ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn sè. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gba gbogbo ilé báyìí, ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Oúnjẹ kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

Pópó Àgùdà l'Ékòó ni mo dàgbà sí, láàárín àwọn tí baba ńlá wọn ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé. Gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ìyá ìyá mi, Màmá Filó, máa ń pín fìrẹ́jọ̀n fún àdúgbò. Èmi ọmọ ọdún méje ni mo máa ń ru abọ́ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Màmá Filó kì í kàn gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó máa lọ. Á dúró níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri rẹ̀ lára, á sọ ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tó gbẹ́ òdòdó sí orí ilẹ̀kùn. "Èyí, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ." Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọrùn mi ti fẹ́ẹ̀ wọ inú ikùn lábẹ́ abọ́ gbígbóná.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa pè mí ní ọmọ ẹrú lójú gbogbo kíláàsì, nítorí orúkọ Pọ́túgà tí mò ń jẹ́. Mo sunkún délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Filó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé. Kò pariwo rárá.

"Tíṣà, wọ́n jí bàbá bàbá mi gbé ni. Ẹni tí wọ́n jí kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bú. Olè ni kẹ́ ẹ bú."



Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́dún tó kọjá. Bísí ọmọ mi, nọ́ọ̀sì tí mo bí sí Woolwich níbí, mú mi lọ lo ìsinmi ní Pọ́túgà, nínú ìlú àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Lagos bíi tiwa. A tẹ̀ lé ọkùnrin kan tó ń mú àwọn àlejò rìn yí ìlú ká. Ó lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi góòlù bò. Ó dá àpárá lẹ́nu ibodè. Nígbà tó yá, a dé iwájú ilé kékeré kan. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú nígbà kan rí, ó ní áísìkirimù wà lódìkejì, ó sì gbé àsíá kékeré tó fi ń darí wa sókè pé ó yá. Kò tó iṣẹ́jú méjì.

Mo ní mi ò lọ.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ calm down. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò!" Mo kọjú sí ọkùnrin náà, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, ṣé góòlù ló wá níyì tó báyìí ju àwọn tí wọ́n tà níbí? Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní àkókò ń lọ, ó sì kó àwọn yòókù lọ. Tọkọtaya òyìnbó àgbàlagbà kan nìkan ló dúró tì wá. 

 Lẹ́yìn náà ni Bísí wá bi mí pé, "Mummy, kí ni orúkọ ẹ̀? Bàbá tí wọ́n jí gbé yẹn."

 Orúkọ tí ẹni tó rà á fún un nìkan ni mo mọ̀. Màmá Filó gan-an ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá náà kéré nígbà tí wọ́n jí i gbé débi pé ó ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é.

Wọ́n ti fi katakata wó ilé tó kọ́ l'Ékòó, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn tí a máa ń gbé oúnjẹ fún ti kú tán. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abbey Wood níbí, wọ́n ní kí n dárí jì, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi. Ṣùgbọ́n ọmọdé kan wà tí wọ́n mú lọ kó tó lè mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa, inú ṣì ń bí mi nítorí rẹ̀. Inú ti ń bí Bísí náà báyìí.