Kóòdù Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọdún

Wuryani ò gba gbẹ̀rẹ́ fún ohun tó bá wọ́. Bí ẹ bá gbé ife tíì sórí tábìlì ẹ̀, tí etí ife ò kọjú sọ́wọ́ ọ̀tún, á tún un gbé ni. Iṣẹ́ kóòdù kíkọ, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, bá a lára mu, torí nínú èdè tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì wọn ní Semarang, àlàfo iwájú ìlà ni ọ̀gá. Bí ìlà kan bá yà díẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, ètò náà ò ní ṣiṣẹ́, ó parí.

Ọ̀la ni ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, oníkálukú ti gba ilé bàbá ẹ̀ lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin Wuryani máa gbéra lọ sí Bojonegoro, kò sì sí àyè nínú òmíràn mọ́. Bàbá ẹ̀ ti kú. Ọdún yìí ni ìyá ẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ọdún láìsí ọkọ, òun nìkan ló jókòó ti ìkòkò kétúpà, ìrẹsì ọdún tí wọ́n ń fi ewé wé, nílé. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Gunarto ti pàṣẹ: ẹni tó bá kẹ́yìn ní ọ́fíìsì ò gbọdọ̀ tilẹ̀kùn àfi tí ètò ìtajà orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe fún oníbàtíìkì kan, aláṣọ aláràbarà, bá ń ṣiṣẹ́. Ta ló kẹ́yìn? Wuryani náà ni.

Prasojo, àbúrò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti fi apá kóòdù tó kù ránṣẹ́ kó tó gun alùpùpù ẹ̀ lọ sí Demak. Wuryani dà á kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀dítọ̀ tó fi ń kọ kóòdù. Ìlà àkọ́kọ́ dúró dáadáa. Ìkejì yà sọ́tùn-ún, ìkẹta yà jù ú lọ, títí ìlà ìkẹyìn fi fẹ́ẹ̀ jábọ́ létí kọ̀ǹpútà. Ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ó tún un lẹ̀. Àtẹ̀gùn náà tún yọjú. Ó wá ṣí ibi tí wọ́n ti ń yí òfin ẹ̀dítọ̀ padà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fi òfin kún òfin, ọ̀rọ̀ sì ń burú sí i. Ẹ tún wá fi ebi ààwẹ̀ kún un.

Ló bá kọ̀wé sí Prasojo lórí fóònù: "Ṣé orí alùpùpù lo ti kọ kóòdù yìí ni? Iṣẹ́ ẹ wọ́ bí orí ẹ. Tí n ò bá rí ìyá mi lọ́dún yìí, ìwọ lo fà á."

Aago mẹ́ta kọjá. Wuryani gbórí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún.

Bó ṣe ń sunkún lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí. Prasojo ló wọlé, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú, akoto ṣì wà lórí ẹ̀.

"Mbak Wur, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo ti fẹ́ẹ̀ dé Demak kí n tó rí ọ̀rọ̀ yín. Ta ló fẹ́ gbé irú èébú yẹn wọnú ọdún? Ẹ sún, ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó wò ó, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Kóòdù mi gbé àlàfo tiẹ̀ dání wá látilé. Ẹ̀dítọ̀ yín, aláṣejù, tún ń fi tiẹ̀ kún un. Ẹ ní kó sinmi ná kẹ́ ẹ tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, kó padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí tó wọ́ ló mọ̀ ọ́n o."

Ojú ti Wuryani. Ó ṣe bó ṣe wí, ìlà kọ̀ọ̀kan dúró sáyè ẹ̀, ètò oníbàtíìkì ṣiṣẹ́. Wọ́n tilẹ̀kùn, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n forí lé ibùdókọ̀ ojú irin.

"Prasojo, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Kí lẹ wí? Akoto ò jẹ́ n gbọ́ràn."

Ó tún un sọ. Prasojo ní atẹ́gùn ń fẹ́. Níbi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, Wuryani fi gbogbo agbára pariwo: "Mo ní kó o dárí jì mí!"

Bàbá kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ akérò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yíjú sí wọn. "Àbúrò, dárí jì í jàre. Àwa tá ò mọ ohun tó ṣe gan-an ti dárí jì í."

Lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀, Prasojo gbé báàgì lé e lọ́wọ́.

"Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́," ó ní. "Ẹ bá mi kí Ìyá."

Wuryani lanu láti bú u. Ó rántí pé ìyẹn náà á tún gba àforíjì, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń fọn fèrè. Ó panu dé, ó sáré lọ bá ìyá ẹ̀.