Ibi Tí Èrò Bá Ti Dáhùn "Ó Wà"

Ọláwùmí Ọdẹ́tọ́lá, tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Ìkòtún, kò ní ọkọ̀, kò sì mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí dẹ́rẹ́bà tó lè mú un ṣìnà láàrin Ìgándò àti Dòpèmú. Òun ló kó àwa mẹ́fà jọ láti ya àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ èrò ń gbà ní Àlímọ̀ṣọ́ sórí máàpù íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Ẹnì kankan kò sanwó fún wa, inú wa sì ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Òfin ni kò jẹ́ ká sinmi. Tí mo bá pe ibùdókọ̀ kan ní orúkọ kan, tí ẹlòmíràn pè é ní òmíràn, máàpù á dàrú. Ìlànà Ọláwùmí kò gùn: kọ́ńdọ́ á béèrè, "Ìdímù wà?", èrò tó fẹ́ bọ́ á dáhùn, "Ó wà." Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń béèrè tí wọ́n ń dáhùn, ibùdókọ̀ ni, orúkọ tí kọ́ńdọ́ sì pè é náà ni ká kọ.

Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus Akínbọ́lá, ọ̀kan nínú wa, ta kò ó. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, kódà lọ́jọ́ Sátidé kì í jáde láì so táì. Tirẹ̀ ni pé ibi tí ìjọba bá ri pátákó mọ́ nìkan ni ká kọ. Ẹ gbọ́ o! Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibùdókọ̀ tó máa kù láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá kò ní pé márùn-ún, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ Ọláwùmí á sì wọmi. A fi ìdìbò sí Sátidé.

Sátidé pé, Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ọ̀nà tí Ọláwùmí fúnra rẹ̀ yà hàn wá. Ìlà náà ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láti Ìkòtún; bó ti kọjá Ìdímù díẹ̀, ó ṣàdédé yà sí àdúgbò kan, ó dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ó sì ṣẹ́rí padà sí títì. Ṣọ́ọ̀ṣì ta ni? Ṣọ́ọ̀ṣì Ọláwùmí ni.

Ó bo ojú, ó jẹ́wọ́. Nígbà òjò, lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó wọ sùtánà funfun, kò sì wọ bàtà, nítorí wọn kì í wọ bàtà sí i. Àánú rẹ̀ ṣe dẹ́rẹ́bà, ó bẹ èrò, ó gbé e dé ẹnu géètì gan-an. Fóònù tó wà lápò rẹ̀ ń fa ìlà tọ ọkọ̀ lẹ́yìn, òun náà sì gbé e sórí máàpù láì tún un wò. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Omi ti lé ròrò sí ojú Ọláwùmí ní tirẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká fi kún òfin: ẹ̀ẹ̀mẹta la máa wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ká tó kọ ọ́, dẹ́rẹ́bà mẹ́ta, aṣọ lásán lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká lọ gba èyí wò báyìí. Ẹnì kankan nínú wa ò gbọdọ̀ dá kọ́ńdọ́ lóhùn o. Tí ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́ta náà ò bá yà síbi ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni mo máa dìbò fún."

A wọ ọkọ̀ kìíní. A kọjá Ìdímù tán ni kọ́ńdọ́ béèrè pé, "Aláṣọ Funfun wà?" Èrò méjì dáhùn, ọkọ̀ sì yà. A lanu sílẹ̀. Èrò mẹ́rin dúró sẹ́nu géètì, wọ́n mú fóònù dání. Máàpù wa ló sọ fún wọn pé ọkọ̀ ń gba ibẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wo ló máa rí èrò tí kò ní yà? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ọkọ̀.

A padà sí Ìkòtún, a wọ ìkejì, òun náà yà. Ó ku ìkẹta.

"Aláṣọ Funfun wà?"

Ẹnì kankan kò fẹ́ bọ́ níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti fẹ́ máa tẹ iná lọ tààrà, Ọláwùmí sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀ mú, torí òun ló ṣe òfin.

Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus tú táì lọ́rùn.

"Ó wà o," ó wí, dẹ́rẹ́bà sì yà.